Ta Ló Ni Ìró Orí Òkè Patti?

Ìró tí wọ́n ń fi kún fíìmù, tí àwọn oníṣẹ́ fíìmù ń pè ní sound effect, ni gbogbo ìró tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèré, tí kì í sì í ṣe orin: atẹ́gùn, òjò, ilẹ̀kùn tó ń dún, ẹsẹ̀ tó ń tẹ òkúta wẹ́wẹ́, agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ìlù tó ń dún bọ̀ láti òkèèrè. Ó lè má ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ, síbẹ̀ òun ló ń jẹ́ kí òǹwòran gbà pé ibi tí wọ́n fi hàn án wà lóòótọ́. Nǹkan kékeré yìí ló gbé ìbéèrè ńlá dání: ṣé ènìyàn lè ni ìró? Òfin ní ìdáhùn tirẹ̀, ìgbàgbọ́ ní tirẹ̀, ìdáhùn méjèèjì kò sì bára mu délẹ̀.

Òkè Patti, tó yọrí sókè ìlú Lọ́kọ́jà ní Ìpínlẹ̀ Kogí, jẹ́ ibi tó dára láti fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Òkè náà fi nǹkan bíi mítà 458 ga ju ìpele òkun lọ. Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Igi osè ńlá wà níbẹ̀, ilé ìsinmi Lugard, òyìnbó amúnisìn tó ṣàkóso ilẹ̀ Àríwá, náà wà níbẹ̀, láti ibẹ̀ sì ni ojú ti ń rí ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, tí èdè wọn jẹ́ ẹ̀ka èdè Yorùbá, ti wà ní àyíká yìí látọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe fíìmù nípa ìtàn Lọ́kọ́jà yóò wá atẹ́gùn orí òkè, yóò wá omi odò, yóò wá agogo ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ìpè ìrun láti inú ìlú tó wà nísàlẹ̀, yóò sì wá ìlù. Ó lè gbé ẹ̀rọ gun òkè lọ gbà wọ́n sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì lè jókòó ti kọ̀ǹpútà kó wá wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà tó bá gbà ni yóò sọ irú àṣẹ tó nílò.

Lójú òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ, kò sẹ́ni tó ni ìró fúnra rẹ̀. Ohun tí ènìyàn lè ni ni ìgbàsílẹ̀ ìró náà. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ Nàìjíríà ti ọdún 2022, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, ka ìgbàsílẹ̀ ìró mọ́ àwọn iṣẹ́ tó ń dáàbò bò, bó ti ka ìwé, orin, àwòrán, fíìmù àti ètò orí afẹ́fẹ́ mọ́ wọn. Ẹni tó ṣètò gbígbà á sílẹ̀ ni òfin kà sí ẹni tó ṣe é. Kò pọn dandan kó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbikíbi kí ẹ̀tọ́ náà tó di tirẹ̀, ẹ̀tọ́ ọ̀hún sì ń wà títí di 50 ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà jáde. Bí ènìyàn méjì bá dúró lábẹ́ igi osè kan náà, tí wọ́n gba atẹ́gùn kan náà sílẹ̀ lásìkò kan náà, ìgbàsílẹ̀ méjì ló wà, ẹ̀tọ́ méjì ló sì wà. Kò sí èyí tó lè ní kí èkejì má lo tirẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà tilẹ̀ là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìró tó jọ ti ẹlòmíràn gẹ́lẹ́ kò rúfin, bí kò bá ṣáà ti da ìgbàsílẹ̀ ẹni yẹn kọ. Àwọn kan ti gbìyànjú láti ni ìró fúnra rẹ̀ lọ́nà mìíràn: ní 1994, iléeṣẹ́ Harley-Davidson bẹ ìjọba Amẹ́ríkà pé kí wọ́n bá àwọn forúkọ ìró ẹ́ńjìnnì alùpùpù àwọn sílẹ̀ bí àmì ìdánimọ̀ ọjà. Àwọn iléeṣẹ́ alùpùpù yòókù takò ó, nígbà tó sì di 2000, Harley-Davidson jáwọ́ nínú rẹ̀.

Làálàá, nígbà náà, ni òfin ń dáàbò bò: ti ẹni tó gun òkè, tó ra ẹ̀rọ, tó dúró títí ariwo ọ̀kadà ìsàlẹ̀ fi rọlẹ̀, tó sì jókòó gé gbogbo ibi tí kò dára kúrò. Èrò yìí ti pẹ́ láyé. Nínú ìwé kan tó jáde ní 1689, John Locke, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé ohun tí Ọlọ́run fún gbogbo ènìyàn lè di ti ẹnì kan bí ẹni náà bá fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kún un, kìkì bí èyí tó kù fún àwọn yòókù bá ṣì tó, tó sì dára. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi ọ̀rọ̀ yẹn gba ilẹ̀ onílẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ìró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lábùkù, torí pé gbígbà tí wọ́n gba atẹ́gùn Òkè Patti sílẹ̀ kò dín in kù fún ẹnikẹ́ni.

Láísẹ́ǹsì ni àdéhùn tí ẹni tó ni ìgbàsílẹ̀ fi ń fún ẹlòmíràn láyè láti lò ó. Kì í ṣe títà. Yorùbá ti mọ irú ètò yìí tipẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Àgbẹ̀ tó jẹ́ àlejò ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, ó ń san ìṣákọ́lẹ̀, iṣu tó bá wà jẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè ta ilẹ̀ náà, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti sọ fún un pé kò gbọdọ̀ gbin kòkó tàbí ọ̀pẹ síbẹ̀. Ipò àgbẹ̀ yìí ni ẹni tó gba láísẹ́ǹsì ìró wà. Fíìmù jẹ́ tirẹ̀, ìró inú rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ láísẹ́ǹsì fi gbà kí ènìyàn fi ìró sínú fíìmù, tí wọn kò sì gbà kó yọ ìró náà sọ́tọ̀ kó máa tà á tàbí kó máa pín in kiri.

Èyí tó ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà jù lọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní royalty-free. Ọ̀pọ̀ gbà pé ọ̀fẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ owó wà ńbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń san án, lẹ́yìn ìyẹn ẹni tó rà á lè lo ìró náà nínú iṣẹ́ púpọ̀ láìtún san nǹkan kan nígbàkígbà tí wọ́n bá fi fíìmù náà hàn. Òdìkejì rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń dá iye lé níbàámu pẹ̀lú ìlò: fíìmù wo ni, orílẹ̀-èdè wo ni wọn yóò ti fi í hàn, yóò sì pẹ́ tó. Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn ń gba owó oṣooṣù tàbí ọdọọdún, ẹni tó bá sì fẹ́ wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ohun tí àdéhùn sọ nípa fíìmù tó ti gbé jáde bí kò bá sanwó mọ́.

Ti ọ̀fẹ́ ló gba àlàyé. Ní 2001 ni wọ́n dá àjọ Creative Commons sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kejìlá 2002 sì ni àwọn láísẹ́ǹsì rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Freesound, ibi ìkójọ ìró tí Yunifásítì Pompeu Fabra ní Barcelona dá sílẹ̀ ní 2005, ń lò wọ́n. Láísẹ́ǹsì CC0 túmọ̀ sí pé ẹni tó gba ìró sílẹ̀ ti yọ̀ǹda gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún aráyé. Ẹnikẹ́ni lè lò ó bó bá ṣe wù ú, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní BY gba gbogbo ìlò, àfi pé kí wọ́n dárúkọ ẹni tó ṣe é. BY-NC gba ìlò tí kò bá jẹ mọ́ ti ìṣòwò, ibí sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọsẹ̀ sí. Ṣọ́ọ̀ṣì lè rò pé òun kì í ṣe oníṣòwò, ilé ẹ̀kọ́ náà lè rò bẹ́ẹ̀. Irú ìlò tí wọ́n lo ìró ni láísẹ́ǹsì náà ń wò. Kì í wo irú ẹni tó lò ó. Bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ta fíìmù náà, tàbí tó gbé e sórí YouTube kí ìpolówó ọjà lè máa pawó wọlé lórí rẹ̀, ìlò ìṣòwò ni, bó ti wù kí iṣẹ́ ìwàásù inú rẹ̀ jẹ́ mímọ́ tó.

BBC ṣe nǹkan tó fara jọ èyí ní 2018, nígbà tó ṣí ìkójọ ìró tó lé ní 16,000 sílẹ̀ fún ìlò ara ẹni, ẹ̀kọ́ àti ìwádìí. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Lọ́kọ́jà lè fi atẹ́gùn BBC sínú fíìmù tó fẹ́ gbé fún olùkọ́ rẹ̀. Bó bá fẹ́ ta fíìmù kan náà, ó gbọ́dọ̀ ra láísẹ́ǹsì mìíràn. Àwọn ìró inú àpótí ìkójọ YouTube wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún fíìmù orí YouTube. Ní ti ìlò tí kò gba àṣẹ rárá, òfin Nàìjíríà fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ìlò tó bá ìwà títọ́ mu, bíi lámèyítọ́, ìròyìn ohun tó ń lọ lọ́wọ́ àti ìwádìí tí kì í ṣe fún ìṣòwò. Fíìmù tí wọ́n ṣe láti fi gbádùn tàbí láti fi pawó kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé àyè yìí yóò gba òun.

Dídárúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́ dà bí ohun tí kò tó nǹkan, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Igbe kan wà tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún fíìmù Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Distant Drums ní 1951. Wọ́n ti lo igbe náà nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún fíìmù láti ìgbà náà, wọ́n sì ń pè é ní Wilhelm scream. Òṣèré Sheb Wooley ni ọ̀pọ̀ gbà pé ó ké e, ṣùgbọ́n èrò ni, nítorí pé kò sẹ́ni tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sábẹ́ igbe náà nígbà tó yẹ. Òkè Patti náà ní irú tirẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún àlejò ni pé orí òkè yìí ni Flora Shaw, akọ̀ròyìn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dúró sí, tó wo odò, tó sì sọ ilẹ̀ yìí ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n inú ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1897, ni ó ti dá orúkọ náà lábàá, ọdún márùn-ún gbáko kí òun àti Lugard tó ṣe ìgbéyàwó ní 1902. Ìtàn tí kò sí àkọsílẹ̀ tó dúró tì í máa ń rọrùn láti gbé fún ẹlòmíràn tàbí láti gbé lọ síbòmíràn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn.

Ohun mìíràn wà tí láísẹ́ǹsì kò dá sí rárá, òun ni òtítọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, ní Lọ́kọ́jà, wọ́n sọ àsíá iléeṣẹ́ òwò Royal Niger Company kalẹ̀, wọ́n fa ti ìjọba Bìrìtìkó sókè, àkóso ilẹ̀ Àríwá sì bọ́ sí ọwọ́ Lugard. Ìró ọjọ́ náà kò sí nílẹ̀ mọ́. Ìró yòówù tí wọ́n bá fi sábẹ́ àwòrán ọjọ́ yẹn, wọ́n ṣe é ni. Nínú eré orí ìtàgé, òǹwòran mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí wọ́n tàn. Fíìmù ìtàn lọ́tọ̀, nítorí pé ẹni tó ń wò ó gbà pé ẹ̀rí ni òun ń gbọ́. Bí wọ́n bá fi atẹ́gùn etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ àwòrán igi osè Òkè Patti, láísẹ́ǹsì lè gbà á láàyè, kí ọmọ Lọ́kọ́jà tó mọ bí atẹ́gùn ọyẹ́ ṣe ń dún lórí òkè náà sì mọ̀ pé irọ́ wà níbẹ̀. Ìlà kan péré ní òpin fíìmù, tó sọ ibi tí ìró ti wá, á ti tán ọ̀ràn náà.

Títí dé ibí yìí, gbogbo ọ̀rọ̀ dá lórí pé ìró àdáyébá kò ní olúwa. Ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Yorùbá kò gbà bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn ní olúwa: Ọya ni. Ọya náà ló ni odò tó ń ṣàn lẹ́sẹ̀ Òkè Patti, orúkọ rẹ̀ ni Yorùbá sì fi ń pe odò náà títí di òní. Ìró méjì àkọ́kọ́ tí oníṣẹ́ fíìmù ń wá lórí òkè yìí ti ní ẹni tó ni wọ́n lójú olórìṣà kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ nípa òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ. Ṣùgbọ́n ohun tí olúwa yìí ń béèrè yàtọ̀. Kò béèrè owó, kò sì ní kí ènìyàn má gbọ́. Ìjúbà ló ń béèrè: kí ẹni tó fẹ́ ṣe nǹkan mọ̀ pé òun kọ́ ló dá ohun tí òun fẹ́ lò, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí kò ní júbà Ọya, ṣùgbọ́n wọn kò jìnnà sí èrò náà. Ẹ̀sìn méjèèjì ń kọ́ni pé ti Ẹlẹ́dàá ni ayé àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, pé alámòójútó ni ènìyàn jẹ́. Síbẹ̀ kò sí èyí tó ka gbígba owó iṣẹ́ léèwọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá ta ìgbàsílẹ̀ atẹ́gùn kò ta atẹ́gùn Ọlọ́run, iṣẹ́ rẹ̀ ló tà. Ohun tí kò bá èrò yìí mu ni kí ẹnì kan máa fi ìgbàsílẹ̀ tirẹ̀ dí ẹlòmíràn lọ́wọ́, irú èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ìdámọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì bá ka òjò tí ẹnì kan gbà sílẹ̀ ní àgbàlá rẹ̀ sí òjò ẹlòmíràn, tí owó fíìmù náà sì yà sọ́dọ̀ ẹni tí kò ṣe é. Òfin 2022 ní ìlànà fún bí wọ́n ṣe lè kọ̀wé pé kí wọ́n yọ iṣẹ́ tí wọ́n jí kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn láyè láti fèsì.

Ọ̀rọ̀ ìlù tún yàtọ̀ pátápátá sí ti atẹ́gùn. Ọ̀pọ̀ ibi ìkójọ ìró lágbàáyé ń to dùndún, bàtá àti gángan sínú àpótí kan náà pẹ̀lú ìró igi àti irin, bí ẹni pé ariwo lásán ni. Dùndún ń sọ̀rọ̀. Ó ń ki ènìyàn, ó ń pòwe, ó sì ń bú ènìyàn nígbà mìíràn. Iléeṣẹ́ rédíò Nàìjíríà pàápàá ti fi ìlù ṣe àmì ìdánimọ̀ ara rẹ̀. Ẹni tó bá gé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta láàárín ìlù lè ti gé oríkì ìdílé kan sí méjì, kó fi ìyókù sábẹ́ àwòrán òkú tàbí ìjà. Òǹwòran tó gbọ́ Yorùbá yóò gbọ́ ohun tí olóòtú fíìmù kò gbọ́. Bàtá sì jẹ́ ìlù Ṣàngó, ìgbìn jẹ́ ti Ọbàtálá. Kì í ṣe ibi gbogbo ni ohùn wọn ń lọ.

Òfin mọ díẹ̀ nínú èyí. Ó dáàbò bo àṣà ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú, bí orin ìbílẹ̀, ìlù, ijó, àlọ́ àti ewì alohùn. Ẹni tó bá fẹ́ fi wọ́n ṣòwò, tàbí tó fẹ́ lò wọ́n kúrò ní ààyè tí àṣà fi wọ́n sí, gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, ó sì gbọ́dọ̀ dárúkọ ìlú tàbí agbègbè tí wọ́n ti wá. Òfin yìí dára. Àbùkù rẹ̀ ni pé Nigerian Copyright Commission, tó jẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀, ni ó fi àṣẹ náà lé lọ́wọ́, kò fi lé àwọn àgbà ìlú tó ni ìlù. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà, kí oníṣẹ́ fíìmù gba ìwé tó pé lọ́dọ̀ àjọ náà kí ìdílé Àyàn tó lu ìlù má sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìwé náà tó lójú òfin. Kò tó lójú ẹ̀tọ́, ó sì yẹ kí wọ́n tún apá òfin yìí ṣe kí àwọn ará ìlú lè ní ohùn níbẹ̀.

Ibi tí láísẹ́ǹsì kò ti lè ṣe nǹkan kan rárá ni ìró mímọ́. Ìpè ìrun kò ní ẹni tó ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbogbo Mùsùlùmí ló ni ín. Ládàánì tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní Lọ́kọ́jà lè fi tọkàntọkàn gbà á, ẹni tó gbà á sílẹ̀ sì lè gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí àṣẹ tí àwọn méjèèjì fún tó lè sọ ọ́ di ohun tó yẹ láti fi sábẹ́ àwòrán apániláyà, bí ọ̀pọ̀ fíìmù òkè òkun ti sọ ọ́ di àṣà. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì Holy Trinity, tí ìtàn rẹ̀ so mọ́ iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ní Lọ́kọ́jà, ń pe àwọn ènìyàn wá síwájú Ọlọ́run. Ẹni tó bá fẹ́ fi dẹ́rìn-ín pa òǹwòran ní láti kọ́kọ́ rò ó dáadáa.

Orò ló ṣòro jù nínú gbogbo rẹ̀. Ohùn Orò ní àkókò, ó ní àwọn tó gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, ó sì ní àwọn tí kò gbọdọ̀ rí i. Bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn náà jáde kì í ṣe ohun tí àwọn awo ń sọ síta. Ẹni tó dúró lẹ́yìn fèrèsé ilé rẹ̀, tó fi fóònù gbà á sílẹ̀, ní ẹ̀tọ́ àdàkọ lórí ìgbàsílẹ̀ náà, gẹ́gẹ́ bó ti ní in lórí ìró òjò. Òfin kò mọ ìyàtọ̀. Àwọn kan yóò sọ pé ohùn tó bá ti jáde sí afẹ́fẹ́ ti di ti gbogbo ènìyàn, pàápàá ní orílẹ̀-èdè tí kò fi ẹ̀sìn kan ṣe ti ìjọba. Ọ̀rọ̀ náà lágbára, torí àwọn obìnrin tí ìséde Orò ń há mọ́lé ní ẹ̀tọ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ lórí ìséde yàtọ̀ sí mímú ohun mímọ́ àwọn ẹlòmíràn kó sínú fíìmù ẹlẹ́rù. A lè jà fún ti àkọ́kọ́ láìṣe èkejì. Ẹni tó bá nílò ìró tó ń dẹ́rù bani lóru ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìró mìíràn tó lè lò.

Ọ̀rọ̀ yìí le ju ti àtijọ́ lọ nítorí bí láísẹ́ǹsì ọ̀fẹ́ ṣe rí. Ẹni tó bá gbé ìró síta lábẹ́ Creative Commons kò lè gbà á padà. Ó lè yọ ọ́ kúrò níbi tó gbé e sí, ṣùgbọ́n àṣẹ tó ti fún àwọn tó ti mú un ń bá a lọ, CC0 kò sì fún un ní ohùn kankan mọ́ lórí ohun tí wọ́n bá fi ṣe. Fún atẹ́gùn orí Òkè Patti, kò sí ewu nínú èyí. Ọrẹ ni fún aráyé. Fún ìlù ìdílé kan tàbí ohùn ojúbọ, ẹni tó ni ìgbàsílẹ̀ ti fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan tọrẹ. Nítorí náà ìgbà tí ẹ̀rọ ṣì wà nínú àpò ni ìbéèrè ti yẹ. Kí ẹni tó fẹ́ gba ìró náà sílẹ̀ bi onílù, ládàánì tàbí àwọn àgbà ojúbọ bóyá wọ́n gbà kí òun gbà á sílẹ̀, bóyá wọ́n gbà kó jáde síta, àti irú ìlò tí wọn kò fẹ́. Kó kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, kó sì mú láísẹ́ǹsì tó bá ìdáhùn náà mu. Bí kò bá sí èyí tó bá a mu nínú àwọn tó wà nílẹ̀, àdéhùn tí wọ́n jọ kọ, tí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí, dúró gbọn-in lábẹ́ òfin Nàìjíríà.